Igi eléso inú ìkòkò ńlá ní Òṣogbo

Igi eléso inú ìkòkò ńlá ni igi tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò amọ̀, ike, ìdajì dúrọ́ọ̀mù tàbí àpótí sìmẹ́ńtì, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀, tó sì ń so ní bàràńdà, àgbàlá tàbí yàrá onígíláàsì. Àwọn ará Yúróòpù ló sọ yàrá onígíláàsì di àṣà, òtútù ló sì sún wọn dé ibẹ̀: láàárín 1684 sí 1686 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà ní ààfin Versailles nílẹ̀ Faransé, kí igi ọsàn inú àpótí lè ríbi sá sí nígbà yìnyín. Igi ọsàn kì í kú sí òtútù ní Òṣogbo. Ooru abẹ́ òrùlé, ọyẹ́ àti ìkòkò tí omi kò ríbi gbà jáde ló ń pa á. Ó yẹ kí ẹni tó ń yan igi ro àwọn mẹ́ta yìí kó tó ro adùn èso.

Bàràńdà àti oòrùn

Òṣogbo wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.8 ní àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì. Láti nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ọwọ́ àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà. Ní ìyókù ọdún, ọwọ́ gúúsù ni. Ìwé ogbìn òyìnbó tó ní kí gíláàsì kọjú sí gúúsù yóò ṣi onílé lọ́nà: bàràńdà bẹ́ẹ̀ máa ń gba oòrùn jù nígbà ọyẹ́ tí omi ṣọ̀wọ́n, òjìji a sì bò ó ní oṣù Kẹfà. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló sàn jù, torí ó ń gba oòrùn àárọ̀, ilé a sì ti ṣíji bò ó kí ọ̀sán tó mú. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ike dúdú máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró lára rẹ̀, gbòǹgbò tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á sì jóná. Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ìta ike náà, tàbí kí wọ́n ti ìkòkò kékeré kan ṣíwájú rẹ̀.

Igi ọsàn ń fẹ́ oòrùn tààrà tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ooru tó bá a lára mu jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lórí Celsius. Tó bá ti kọjá 38, ìdàgbà rẹ̀ á dúró, òdòdó á sì máa já. Abẹ́ páànù rọ́bà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá máa ń kọjá iye yẹn bí ògiri bá dí yíká. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lókè ògiri, lábẹ́ páànù gan-an, torí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ. Fèrèsé ìsàlẹ̀ nìkan kò lè lé e jáde.

Lórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ìwúwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Lítà kan ilẹ̀ tó rin gbingbin lè wọn kílò 1.5 sí 1.8. Ìdajì dúrọ́ọ̀mù, tó jẹ́ lítà 100, yóò wọn kílò 150 sí 180 láìka igi mọ́ ọn. Mẹ́ta rẹ̀ lójú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdajì tọ́ọ̀nù. Ẹ̀bá ògiri tàbí orí òpó ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí. Etí bàràńdà tí kò ní òpó lábẹ́ kì í ṣe àyè rẹ̀.

Igi tó yẹ àti èyí tí kò yẹ

Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ṣe é gbìn sínú ìkòkò jù lọ nínú àwọn ọsàn. Lítà 40 sí 60 tó o, ó sì máa ń so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Igi tí wọ́n lọ́, ìyẹn ẹ̀ka igi kan tí wọ́n so mọ́ ìdí igi mìíràn títí méjèèjì fi lẹ̀ pọ̀, ni kí wọ́n rà. Ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ máa ń hàn ní ìdí igi, bí àpá tó dagun díẹ̀, tí èèpo òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò jọra. Bí ẹni tó ń ta fúláwà kò bá rí àpá yìí fi hàn, hóró ló gbìn, ọsàn mímu tó ti ara hóró wá sì lè gbà tó ọdún 6 sí 8 kó tó so; èyí tí wọ́n lọ́ lè so láàárín ọdún 2 sí 3. Ẹ̀ka tó bá yọ nísàlẹ̀ àpá náà, gígé ni, torí igi ìdí ló fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Èyí tó ti ní èso lórí ló máa ń wọ àwọn oníbàárà lójú. Ọmọ igi tó ń so nínú ọ̀rá dúdú ti fi agbára gbòǹgbò ṣe èso. Èyí tí ìdí rẹ̀ ki bí ìka ọwọ́, tí ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, tí kò sì ga jù, ló sàn.

Gúáfà rọrùn, orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná, nítorí náà gígé kì í dín èso rẹ̀ kù. Ìbẹ́pẹ yára jù, oṣù 9 sí 11 péré, àmọ́ ó ní akọ, abo àti èyí tó jẹ́ méjèèjì. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò kan títí wọn yóò fi tanná. Akọ máa ń so òdòdó wẹ́wẹ́ púpọ̀ rọ̀ sórí okùn gígùn. Òdòdó abo tóbi, ó sì lẹ̀ mọ́ ara igi. Ẹni tó fẹ́ fi ẹyọ kan sílẹ̀, kó fi èyí tó jẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Bí omi bá dúró sí ìdí ìbẹ́pẹ fún ọjọ́ méjì, ó lè kú. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò ju lítà 10 sí 15 lọ, sùúrù nìkan ló ń gbà. Sáwásọ́ọ̀pù ń fẹ́ lítà 80. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ ló ń bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó, nítorí náà nínú yàrá onígíláàsì, ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni yóò ṣe é.

Agbálùmọ̀, píà, fúrúùtù àti máńgòrò tí wọ́n fi kóró gbìn tóbi ju ìkòkò lọ. Odán burú jù wọ́n lọ: gbòǹgbò rẹ̀ ń la ìkòkò. Fún kọ̀rọ̀ tí oòrùn kì í dé, pẹ̀rẹ́gún ni. Ọ̀pá kan tí wọ́n gé tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ á hù.

Ìkòkò àti ilẹ̀

Ìkòkò aró àtijọ́ máa ń dùn ún wò ní bàràńdà ilé Òṣogbo, ìlú aró. Ṣùgbọ́n omi eérú tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀lú ti wọ inú amọ̀ rẹ̀, kì í jẹ́ kí igi ọsàn rí irin inú ilẹ̀ mu: ewé tuntun á pọ́n, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù ní tútù. Pẹ̀rẹ́gún nínú ike ni kí wọ́n gbé sínú irú rẹ̀.

Ìkòkò èyíkéyìí gbọ́dọ̀ ní ihò 5 tàbí 6 nísàlẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.5, kí wọ́n sì gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́. Òkúta tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà sí ìsàlẹ̀ kò ran omi lọ́wọ́. Ńṣe ló ń gbé ilẹ̀ tó rin sókè sún mọ́ gbòǹgbò. Ẹyọ nẹ́ẹ̀tì kan lórí ihò tó. Àdàlù tó dára ni ilẹ̀ dúdú ìpín 3, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ìpín 2 àti yanrìn odò ìpín 1. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò. Bí ó bá ṣì ń rùn, kò tíì jẹrà.

Kí wọ́n má gbé ọmọ igi kékeré sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà: ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé kì í tètè gbẹ, ó sì ń kan. Garawa ọ̀dà lítà 20 ni ọdún kìíní, kó tó di lítà 60. Bí gbòǹgbò bá ti ń yí po nínú ọ̀rá, kí wọ́n fi ọ̀bẹ fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú àpá ibi tí wọ́n ti lọ́ igi gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀.

Ohun tó ń ṣe igi inú ìkòkò

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ inú ìkòkò máa ń sún kúrò lára ìkòkò. Tí wọ́n bá bu omi sí i, àárín àlàfo náà ni omi yóò gbà, á sì yọ nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Onílé á rò pé igi ti mu, bẹ́ẹ̀ àárín ilẹ̀ ṣì gbẹ bí èkuru. Kí wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bó bá gbẹ, kí wọ́n fi igi gún ilẹ̀ káàkiri, kí wọ́n sì bu omi díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbé ìkòkò kékeré sínú báfù omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí èèrà bá ń tò gorí igi, kòkòrò funfun bí òwú ló ń wá lọ sábẹ́ ewé: oje dídùn tí kòkòrò náà ń tú ló ń lá, ó sì ń dáàbò bò ó. Ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi sí lítà omi kan, kí wọ́n fọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n má fi ọṣẹ dúdú ṣe é, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ewé. Ohun tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé ọsàn, tó bá ń rìn, ọmọ labalábá ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á.

Lẹ́yìn ọdún 2 sí 3, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ igi náà, kí wọ́n gé sẹ̀ǹtímítà 3 kúrò lára gbòǹgbò yíká, kí wọ́n dín ẹ̀ka kù bákan náà, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ tuntun dá a padà.