Kò Dìgbà Tí Ọmọ Bá Parí Ìwé Gírámà Kó Tó Mọ̀wé Kọ

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé: pé ọmọ tí kò bá ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ìwé gírámà rẹ̀, láti ojú ìwé kìíní títí dé èyí tó kẹ́yìn, kò ní lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro. Òun ló ń mú kí òbí ra odindi ọ̀wọ́ ìwé, ipele lórí ipele, kó wá máa fi lé ọmọ kiri láràárọ̀. Bí ara ọmọ ò bá yá fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdààmú dé nìyẹn: "A ti wà lẹ́yìn." Ẹ̀yìn ta? Ìwé ò kúkú ń sáré.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá kò farasin. Ojú ìwé tí a fi àmì "ó tọ́" kún rọrùn láti kà, ó sì ń fi òbí lọ́kàn balẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Àròkọ ọmọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rí rúdurùdu, ó ń gba àkókò, èèyàn ò sì mọ iye máàkì tó yẹ kóun fún un. Bẹ́ẹ̀, ọmọ lè fàlà sábẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀-ìṣe láìṣi ẹyọ kan, kó wá jókòó kọ ìtàn tí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, níparí pátápátá. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn dá nǹkan mọ̀ nínú gbólóhùn tí ẹlòmíràn ti kọ, ọ̀tọ̀ ni kó hun gbólóhùn tirẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1963, Richard Braddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ẹ̀kọ́ gírámà tí a dá yà sọ́tọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ran ìwé kíkọ lọ́wọ́, ó tiẹ̀ lè pa á lára, torí pé àkókò tó yẹ kí ọmọ fi kọ̀wé ló ń jẹ. Ní New Zealand, W. B. Elley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1976, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìwé tí àwọn tó kọ́ gírámà kọ àti ti àwọn tí kò kọ́ ọ. Steve Graham àti Dolores Perin tún ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní 2007, ibì kan náà ni wọ́n já sí, àmọ́ wọ́n rí ohun kan tó ṣiṣẹ́: kí ọmọ máa so gbólóhùn kéékèèké pọ̀ di ńlá. Màá padà sórí ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dáná sun ìwé o. Ní 2012, Debra Myhill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Exeter fi hàn pé bí a bá mú gírámà wọ inú iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ lọ́wọ́, ìwé rẹ̀ a máa dára sí i, pàápàá ìwé ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n kọ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká sọ pé ìtàn ìbẹ̀rù lọmọ ń kọ, a lè fi hàn án bí gbólóhùn kúkurú ṣe ń mú kí àyà òǹkàwé já. Ẹ̀bi kì í ṣe ti gírámà. Ibi tí a gbé e sí ni.

Ohun míì tí òbí máa ń gbàgbé ni pé ọmọ tó ń sọ èdè kan láti kékeré ti gbé gírámà èdè náà sórí kí ẹnikẹ́ni tó ra ìwé. Jean Berko, onímọ̀ nípa èdè ọmọdé, dán an wò ní 1958. Ó ya ẹranko kékeré kan tí kò sí láyé, ó sọ ọ́ ní "wug", ó wá ya méjì, ó ní kí àwọn ọmọdé parí ọ̀rọ̀ náà. "Wugs" ni ọ̀pọ̀ wọn dá a lóhùn. Ta ló kọ́ wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ò tíì sí rí? Torí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwé kan bá fi ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ohun tó ju ẹyọ kan lọ máa ń gba "s", ẹ fò ó.

Ti ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún yàtọ̀. Òun lè máa da "he" àti "she" pọ̀, tàbí kó gbàgbé láti yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà fún ohun tó ti kọjá. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ilé kì í sábà dúró síbẹ̀, torí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ fún ti mọ̀ ọ́n. Fún ọmọ yìí, ibi tí ìwé sáré kọjá gan-an ló yẹ kí ẹ ti fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Báwo la ṣe wá ń yan ìwé? Kí ẹ tó ra ọ̀wọ́ kankan, ẹ gbé àkóónú ipele kẹta àti ìkẹrin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí i pé nǹkan kan náà ló ń yí po: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, àmì. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ pé ọmọ á gbàgbé. Ohun tí ẹ bá fò lọ́dún yìí ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ kọ láìpẹ́ yìí, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún ṣe. Ẹ wá àṣìṣe tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹyọ kan ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ pé gbólóhùn rẹ̀ ń wọnú ara wọn láìsí ìdánudúró, ẹ wá orí tó sọ̀rọ̀ ìyẹn nínú ìwé, ì báà jẹ́ orí kẹrìnlá, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ jẹ́ kó fẹnu dáhùn ìdajì iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kó kọ díẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé àròkọ tirẹ̀ padà síwájú rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í débẹ̀, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ yòókù wà fún.

Síso gbólóhùn pọ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ò tiẹ̀ nílò ìwé. Ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀: "Ajá kan sá lọ. Ajá náà dúdú. Ó gbọ́ ariwo." Ẹ ní kí ọmọ sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ọ̀kan lè kọ, "Nígbà tí ajá dúdú kan gbọ́ ariwo, ó sá lọ." Èkejì lè kọ, "Ariwo tí ajá dúdú kan gbọ́ ló mú kó sá lọ." Ẹ wá bi wọ́n léèrè èyí tó bá ìtàn wọn mu. Ọmọ tó bá lè sọ pé èkejì ń tọ́ka sí ariwo ju ajá lọ ti ń ṣe gírámà gidi, bí kò tiẹ̀ mọ orúkọ ohun tó ń ṣe.

Ní ti yíya àwòrán gbólóhùn, ìyẹn títo àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí ìlà láti fi iṣẹ́ wọn hàn, èyí tí Alonzo Reed àti Brainerd Kellogg gbé jáde ní 1877, àwọn ọmọ kan fẹ́ràn rẹ̀ bí àlọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yà á. Bó bá ń mú ọmọ yín sunkún, ẹ pa á tì. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìwé tó bá le mọ́ òfin bí i pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn (bí "to" tàbí "with" ní Gẹ̀ẹ́sì) ò gbọ́dọ̀ parí gbólóhùn. Akéwì John Dryden ló fi irú ẹ̀sùn yẹn kan Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ní 1672, àwọn òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ ò sì yéé fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn látìgbà náà.

Àwọn orúkọ tí gírámà ń pe nǹkan náà ní ọjọ́ tiwọn. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ Látìn, Lárúbáwá tàbí Jámánì nílò olùwà àti àbọ̀ kíákíá. Àwọn ìdánwò kan sì wà tó ń béèrè wọn, bí irú èyí tí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá nílé ìwé ní 2013. Ọmọ tó bá ti gbójú tètè ń mọ̀ wọ́n. Kò dìgbà tó bá lo ọdún mẹ́fà nídìí rẹ̀.

Ọmọ tí ìwé kíkà ṣì ń dà láàmú kò gbọ́dọ̀ pàdánù ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ ka gbólóhùn sí i létí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sórí pélébé páálí kí ó máa tò wọ́n.

Bí ẹ bá wà níbi tí òfin ti ní kí ẹ fi iṣẹ́ ọmọ hàn lọ́dọọdún, ìwé tí ò kún kì í ṣe ìṣòro. Òfin ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ní kí òbí kó àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọmọ jọ, ohun tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lára ohun tó dárúkọ. Ẹ kọ déètì sórí àròkọ kan, kí ẹ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti èyí tí ọmọ tún ṣe síbẹ̀ pọ̀.