Ìjókòó Ló Ń Pa Á: Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ ti Ítálì Nílẹ̀ Òkun

Kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí tó fojú kan Ferrari ni ọwọ́ àwọn ará Ítálì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Peugeot 404 àti 504 tó ń kó èrò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja, tó ń kó iṣu láti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sọ́jà, àwọn ará Faransé ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Pininfarina nílùú Turin ló ya bí ara wọn ṣe rí. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ya Alfa Romeo Spider tó jáde ní 1966, òun ló ya Fiat 124 Spider tó jáde lọ́dún kan náà, òun ló sì ya ọ̀pọ̀ Ferrari. Mẹ́káníìkì tó ti fi ogún ọdún tú 504 palẹ̀ kì í ṣe àlejò pátápátá níwájú ọkọ̀ asáré àtijọ́ wọ̀nyí. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Irin ara ọkọ̀ ni, ìwé rẹ̀ ni, àti ìjókòó sójú kan.

Bí èèyàn bá gbọ́ ọkọ̀ Ítálì àtijọ́, owó tí ẹnu ò lè sọ ló máa ń wá síi lọ́kàn. Irọ́ kọ́ lápá kan. Ferrari 250 GTO, 36 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964, wọ́n sì ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní New York ní 2023 ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 51 dọ́là. Ìyẹn ti kúrò ní ọkọ̀, ó ti di dúkìá tí wọ́n ń tì mọ́lé. Lamborghini Miura náà wà lókè réré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé katakata oko ni Ferruccio Lamborghini ń ṣe kó tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ asáré sílẹ̀ ní 1963. (Àwọn àgbẹ̀ Yàgbà ni ìbá kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀.) Èyí tí ọwọ́ èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lè tó ni Alfa Spider àti Fiat 124 Spider, torí wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wọn sì ṣì wà tí wọ́n ń ṣe ní tuntun títí di òní. Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni ẹnubodè. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ti pé ọdún 25 ti bọ́ lọ́wọ́ òfin ààbò tí ì bá dá a dúró ní èbúté. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá ti lé ní 40 ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́. Tiwa yàtọ̀. Ọkọ̀ àlòkù tó bá ti dàgbà ju iye ọdún tí ìjọba là sílẹ̀ lọ wà lára ẹrù tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọlé, iye ọdún náà kò sì tó 20. Alfa Spider tó kẹ́yìn pàápàá, tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ orí tó ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún ló ń ti ilẹ̀kùn níbí. Ẹni tó bá rò pé òun á kàn tì í sínú kọ́ńténà pẹ̀lú ẹrù tòkunbọ̀ yòókù, ó ń fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni, nítorí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ọ̀nà méjì ló kù. Ọmọ Òkun tó ń gbé lókè òkun lè rà á síbẹ̀ kó sì máa lò ó níbẹ̀. Ẹni tó wà nílé ní láti wá èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí láti ayébáyé, irú èyí tí àgbàlagbà kan rà nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tàbí tó gbé bọ̀ láti ìlú òyìnbó, tó wá ń sùn lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi kajú. Wọ́n ò pọ̀, àmọ́ wọn ò tán. Èyí tó bá wọlé ṣáájú April 1972 lè jẹ́ èyí tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, torí 2 April ọdún yẹn ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Kì í ṣe àbùkù, ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọbájànà kọ́kọ́ ronú nípa rẹ̀ dáadáa, torí kò ní rí iwájú kó tó yọrí síta.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ogún, ọ̀rọ̀ ẹbí ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọmọ kan lè ta ọkọ̀ bàbá lọ́jọ́ Ẹtì, kí àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Àbújá dé lọ́jọ́ Ajé kó ní òun ò mọ̀ sí i. Ìwé tó ń gba èèyàn sílẹ̀ nínú irú ẹjọ́ yìí ni ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi yan àwọn tó ń bójú tó ogún olóògbé, àti rìsíìtì tí gbogbo àwọn tí wọ́n yàn náà fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni pátíkúlà. Ìwé tó ti kú kì í ṣe ìṣòro, wọ́n lè tún un ṣe. Ìṣòro ni kí nọ́ńbà inú ìwé má bá ti ara irin mu. Lára Spider ti Alfa, irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó ni wọ́n lu nọ́ńbà ṣásí sí. Kí wọ́n fi aṣọ àti kẹrosíìnì nù ún títí gbogbo rẹ̀ á fi hàn, kí wọ́n sì fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ibẹ̀ bá dán ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tí ojú ìjóná wẹ́dà yí i ká, kí olùrà fi owó rẹ̀ sápò. Ilé ìpamọ́ Alfa Romeo nílùú Arese lè wo nọ́ńbà yẹn kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà àti ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún. Ferrari náà ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú ẹ̀ tirẹ̀, ìwé yẹn sì lè fi owó ńlá kún iye ọkọ̀.

Ó wá kan irin. Spider kò ní òrùlé irin, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣásí tó dá dúró lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Irin gbọọrọ méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún àti lósì, ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá jẹrà, ọkọ̀ náà ti ṣẹ́ nídìí nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán tó. Páńẹ́ẹ̀lì bítà tó gbówọ́ lè fi pọ́tì dí ihò tí ìpẹtà dá, kó fi sáńpépà fá a, kó kùn ún, kó sì dà bí ojú dígí. Ohun tí kò lè tàn ni òòfà. Kí wọ́n wá òòfà kékeré tí wọ́n yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́, kí wọ́n fi hánkáṣíìfù tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí wọ́n wá máa fà á díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níbi tí irin bá wà, ọwọ́ á mọ̀ pé nǹkan ń fà á. Tó bá débi kan tó yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ìdánwò kejì ni jáàkì: kí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n tún gbìyànjú láti tì í. Ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa nílẹ̀ ṣùgbọ́n tó wá ń há lórí jáàkì ti jẹ́wọ́ ohun tí ẹni tó ń tà á kò sọ. Kí wọ́n tún ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé, àti kòtò tí táyà àfikún ń sùn sí nínú búùtù, torí omi òjò máa ń dúró níbẹ̀.

Ìlànà kan wà tí àwọn tó mọ ọkọ̀ kì í fi ṣeré: kí wọ́n dé láàárọ̀ kùtùkùtù, láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti jí ṣáájú. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí olùrà gbé ọwọ́ lé e, ẹnìkan ti tètè jí tan iná mọ́ nǹkan nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì dúdú kò burú. Ohun funfun tó ki bí ògì ni ẹ̀rí pé omi ti ń wọ inú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì Alfa yìí, alumíníọ̀mù ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ́ìlì àti omi sì ń gba àárín bulọ́ọ̀kù àti orí rẹ̀ kọjá nítòsí ara wọn, nítorí náà tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àárín méjèèjì kò fẹ́ràn ooru àpọ̀jù rárá. Lójú ọ̀nà, gíà kejì ni kí wọ́n fetí sí. Bó bá ń ké gììrì nígbà tí wọ́n bá ń já a láti kẹta sí kejì, ó ti jẹ díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára Alfa, kò sì yẹ kó lé olùrà sá, àmọ́ ó yẹ kó dín owó kù.

Fiat 124 ní tirẹ̀ ń lo bẹ́líìtì eléyín láti fi yí ohun tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, dípò ṣéènì tí Alfa ń lò. Bẹ́líìtì yìí kì í ké kó tó já, ó sì lè ba fáàfù jẹ́ bó bá já. Ẹni tó ra 124 tí kò rí rìsíìtì ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó wa ọkọ̀ náà jìnnà. Nípa Ferrari, àpẹẹrẹ kan tó: lórí F355, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Lẹ́yìn rírà, ọ̀pọ̀ nǹkan tí ọkọ̀ náà ń fẹ́ wà nílé. Ọ́ìlì 20W-50 tí àwọn 504 ń mu ló bá a lára mu, kì í ṣe ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ ìgbàlódé. Omi kànga kò gbọ́dọ̀ wọ rẹdíétọ̀ rẹ̀. Kúláǹtì gidi ni, bí otútù ò tilẹ̀ sí níbí, torí omi lásán ń jẹ alumíníọ̀mù. Kábúrétọ̀ méjì, Weber tàbí irú rẹ̀, ló wà lára ọ̀pọ̀ Alfa tí wọn kò ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀fun méjì, tó fi jẹ́ pé sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ọ̀fun tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà. Mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ á fi ẹnu róbà tín-ín-rín kan sí ọ̀fun kọ̀ọ̀kan, á fi ẹnu kejì sí etí, á sì máa yí síkúrúù títí ohùn ìmí wọn á fi dọ́gba. Iṣẹ́ etí ni, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Bí iná bá ń ṣe ségesège, kí rìwáyà má tíì gé wáyà kankan. Kó kọ́kọ́ yọ àwọn fíùsì, kó fi sáńpépà fá ẹnu wọn, kó sì yọ wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, kó fá ìdí rẹ̀ náà. Ohun tó bá jẹ́ ti Alfa nìkan, láti Ítálì tàbí Jámánì ló ń bọ̀. Ó lè dé Èkó láàárín ọ̀sẹ̀, kó wá bá wéèbíìlì dé gáréèjì Kàbà.

Òjò ilẹ̀ wa kò ní iyọ̀ bíi títì ìlú òyìnbó nígbà otútù, ìyẹn ti gba irin là díẹ̀. Tapólì ni ọ̀tá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì wé láti April dé October, ooru àti omi tó há sábẹ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí òjò fúnra rẹ̀ ò lè ṣe. Ṣẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá, ló dára jù. Bí ọkọ̀ bá sì jókòó pẹ́, epo inú kábúrétọ̀ á di gọ́ọ̀mù, bíréèkì á gan mọ́ irin, kílọ́ọ̀ṣì á lẹ̀, eku á wá bímọ sínú wáyà. Títan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọgbà kò gbà á lọ́wọ́ èyí, ó tiẹ̀ ń fi omi kún inú ọ́ìlì àti sàlẹ́ńsà ni. Kó jáde. Kó rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, títí ọ́ìlì á fi gbóná dáadáa. Ọ̀nà Ìyàrá láàárọ̀ Sátidé dára fún un, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà ò tíì pọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá padà dé, kí wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ kó sùn lé e. Èyí tó bá kán síwájú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi ni. Ti àárín, gíà bọ́ọ̀sì ni. Ti ẹ̀yìn, dífíréńṣà ni. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sára páálí yẹn, kí wọ́n sì fi wé ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.