Rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí tó ń padà wálé

Ẹni tó bá rí bàbá kan ní Amẹ́ríkà tó jókòó tó ń fi sáńpépà họ ọ̀dà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí tó ti wà látọdún 1965, á ní kí bàbá yìí lọ wá nǹkan ṣe. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé e sí pálọ̀ kí àlejò máa wò ó o, ó fẹ́ kó padà fò ni. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta bàtà lọ̀rọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Orville Carlisle lorúkọ ẹ̀, ìlú Norfolk ní Nebraska ni ṣọ́ọ̀bù bàtà ẹ̀ wà, àmọ́ báńgà ló gbà á lọ́kàn (irú èyí táwa náà ń yìn nígbà Kérésì tí àwọn ìyá àdúgbò á máa ṣépè). Ọmọ ìyá ẹ̀, Robert, mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ òfuurufú ni tiẹ̀. Ní 1954 Carlisle ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ó pè é ní Rock-A-Chute. Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ wà rèé: inú ọ̀pá páálí kékeré kan ni ẹ̀tù wà, ìyẹn nìkan ló ń jó, tó bá jó tán á ti páráṣúùtì jáde, rọ́kẹ́ẹ̀tì á rọra bọ́ sílẹ̀, o yọ èyí tó jó, o ki tuntun bọ̀ ọ́, ó tún di gbéra.

Ní 1957 tí Rọ́ṣíà fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, lọ sókè, orí àwọn ọmọkùnrin Amẹ́ríkà gbóná, wọ́n ń po ẹ̀tù fúnra wọn, ó sì ń bú mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí Sputnik tó gbéra rárá ni G. Harry Stine, tó ti ṣiṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní White Sands, pápá táwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ti ń kọ̀wé nípa irú ewu yẹn, Carlisle bá kọ lẹ́tà sí i, ó fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ránṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni Stine dá ilé iṣẹ́ Model Missiles sílẹ̀ ní Denver, ní Colorado, láti máa ta irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ọjà tà, ẹ́ńjìnì, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀tù yẹn, ò tó! Vernon Estes, ọmọ ilé oníbáńgà, ló wá ṣe máṣíìnì kan tó ń jẹ́ Mabel, atẹ́gùn ló ń gbé e ṣiṣẹ́, nígbà tó fi máa di 1959 ó ń pọ ẹ́ńjìnì kan jáde láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ààbọ̀. Model Missiles ò pẹ́ kó tó kógbá wọlé, Estes ní tiẹ̀ kó lọ sí Penrose, ní Colorado kan náà, ní 1961, ibẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnì yẹn, mìlímítà 18 ní fífẹ̀, 70 ní gígùn, kan náà ni wọ́n ń tà lónìí! Ká ní wọ́n yí i padà ni, gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ì bá ti di pàǹtí.

Àwọn ọmọ yẹn dàgbà, wọ́n gbàgbé ẹ̀, ìgbà tó di bíi 1990 sókè wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà, wọ́n ń pe ara wọn ní bọ̀n-agéènì, ẹ má rẹ́rìn-ín, àtúnbí onírọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní àwọn jẹ́. Wọ́n ń yọ páálí lókè àjà ilé òbí wọn. Rọ́bà tó so orí mọ́ ara ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, lásítíìkì àwọn télọ̀ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀, páráṣúùtì á ti lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ́ tí wọ́n fi bálúsà, igi fífúyẹ́ kan, ṣe á ti kán. Ọ̀dà gan-an ní wàhálà, tí wọ́n bá kùn ún lákùntúnkùn ìdí á wúwo, rọ́kẹ́ẹ̀tì á máa ta tàkìtì lókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ọn níbi tó ti dọ́gba, tí wọ́n á fì í yí orí ká, tí imú bá síwájú, ó dáa nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tó bá a wá látijọ́ ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ooru àti òtútù ti la ẹ̀tù inú ẹ̀, ṣe ló máa bú tí á fa ara páálí ya.

Ìjà tó kù láàárín wọn ni ti páálí rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọn ò tíì já rí. Àwọn kan ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbọ́n jù lójú tèmi ni àwọn tó ń ṣí i pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ya àwòrán ìyẹ́ sórí bébà, tí wọ́n fi bálúsà tuntun gé e, tí wọ́n dá ti àtijọ́ padà sínú páálí ẹ̀, tí wọ́n sì gbé ọmọ ẹ̀ lọ sórí pápá.