Ohun tó ń dá sẹ́ẹ̀lì orísun ẹ̀jẹ̀ dúró sínú egungun

Lójoojúmọ́ ni mùdùnmúdùn inú egungun àgbàlagbà ń pèsè nǹkan bí 200 bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Àtipupa, àtifunfun, àtàwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì orísun ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì orísun yìí kò pọ̀ rárá, ìsinmi ni púpọ̀ nínú wọn sì ń bá ṣe.

Lọ́dún 1978, Raymond Schofield dábàá pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì orísun ń gbé ló ń jẹ́ kó máa jẹ́ orísun nìṣó. Ìwádìí ti fìdí èyí múlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú mùdùnmúdùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́ wà, tí wọ́n ń tú pùrótéènì jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní SCF kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì orísun kú: nígbà tí wọ́n gba agbára àtiṣe é lọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ yìí lára eku, ṣe ni sẹ́ẹ̀lì orísun ń tán lọ. Èkejì, CXCL12, máa ń so mọ́ CXCR4, ìyẹn pùrótéènì tó ń gbà á mọ́ra lára sẹ́ẹ̀lì orísun, ìsopọ̀ yìí ló sì dá a dúró sínú egungun. Ẹ̀dọ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn, nítorí láti ibẹ̀ ni pùrótéènì mìíràn tó ń jẹ́ thrombopoietin ti ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wá ṣèrànwọ́.

Ìsopọ̀ CXCL12 yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ìtọ́jú. Oògùn G-CSF, tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì tọrẹ fún ọjọ́ mélòó kan, máa ń mú kí CXCL12 dínkù nínú mùdùnmúdùn, kí sẹ́ẹ̀lì orísun lè tú sínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì gbà á láti apá láìgún egungun.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí àwọn àfẹ́sọ́nà ti ń mú ìwé jínótáìpù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé oògùn G-CSF yìí léwu fún ẹni tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde, nítorí ó máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì funfun di púpọ̀, ó sì lè dá ìrora líle sílẹ̀, ó tilẹ̀ ti pa àwọn kan. Plerixafor ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Òun kàn ń dí CXCR4 ni, ìsopọ̀ náà á sì tú láàárín wákàtí díẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń kó sẹ́ẹ̀lì aláìsàn jọ fún ìtọ́jú àtúnṣe àbùdá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023. Bí wọ́n bá sì ti tún un ṣe tán, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń dà á padà sí, CXCL12 náà ni yóò sì fà á wọnú egungun.