Lọ́gísítíìkì ogun àti ìlú Èkó

Lọ́gísítíìkì ogun ni gbogbo ètò tó ń gbé oúnjẹ, omi, epo, ọta ìbọn àti oògùn dé ọwọ́ sójà níbi tí wọ́n bá rán an lọ, tó ń tún mọ́tò tó bàjẹ́ ṣe, tó sì ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ sí ọsibítù. Ní Nàìjíríà, Èkó wà lára ojú ọ̀nà tó ṣe kókó jù fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, torí pọ́ọ̀tù Àpápá àti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà.

Ètò yìí ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Nígbà ogun Kírìjì (1877–1893), tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, Ìbàdàn ò ní etí òkun, ìbọn àti ẹ̀tù wọn ní láti gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá kọjá, táwọn yẹn bá sì ti ọ̀nà pa, wàhálà dé nìyẹn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé l'Ékòó ní tiwọn dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí ránṣẹ́ sílé, ó sì jọ pé ìyẹn wà lára ohun tí Ìbàdàn ò fi rí wọn gbé ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jà ní Burma nílẹ̀ Éṣíà, bàlúù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn nínú igbó, aláàárù á sì fi orí rù ú.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì ló fi hàn jù bí pọ́ọ̀tù ṣe ṣe pàtàkì tó. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé (1967–1970), Benjamin Adekunle, ọ̀gá sójà tó ti kó àwọn ọmọ ogun gba orí omi lọ gba Bonny lọ́dún 1967, ni wọ́n ní kó lọ tú pọ́ọ̀tù Èkó sílẹ̀ torí ẹrù ti há síbẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ìjọba Gowon fẹ́ kọ́ bárékè, wọ́n ra sìmẹ́ǹtì tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, iléeṣẹ́ ètò ààbò nìkan ra bíi mílíọ̀nù 16 nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí pọ́ọ̀tù Èkó lè já lọ́dún kan ò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tó fi di 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló dúró sójú òkun tí wọn ò ráyè wọlé, owó ìdádúró, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ọkọ̀ tó ń dúró láìjáẹrù, ń gorí ara wọn, ọ̀rinrin wọ inú àpò sìmẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ dì gbagidi, kò ṣeé lò mọ́. Owó wà, ọkọ̀ wà, àyè ìjáẹrù ni ò tó, ìyẹn sì lohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé ìrajà.

Ìtọ́jú ọta náà wà lára iṣẹ́ yìí. Ní 27 Oṣù Kìíní 2002, ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, èèyàn tó lé ní 1,000 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kó sínú kànáàlì Òkè-Afá níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà.

Lára àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń lọ l'Ékòó ni ọsibítù sójà ní Yábàá, ibi tí àwọn ológun ojú omi ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Victoria Island, àti ẹ̀ka lọ́gísítíìkì àwọn ológun òfuurufú ní Ìkẹjà.