Bí Eré Ọkọ̀ Ṣe Ń Di Ẹ̀gbà Ọrùn

Nọ́ńbà, ìyẹn iye máìlì tí ọkọ̀ sá ní wákàtí kan, ni ẹ̀mí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí eré ọkọ̀, nọ́ńbà ọ̀hún kì í sì í ti inú eré ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wá. Ọkọ̀ á sáré lọ, á sáré bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà kí wákàtí kan tó pé, kí atẹ́gùn tó tì í lẹ́yìn lálọ lè dojú kọ ọ́ lábọ̀. Ìpíndọ́gba méjèèjì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ Andy Green ṣe wa ọkọ̀ tó ń jẹ́ ThrustSSC ní aṣálẹ̀ Black Rock, l'Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, tó fi sá 763.035 máìlì ní wákàtí kan. Ọkọ̀ náà yára ju ìró lọ. Alágbẹ̀dẹ tó bá gé e sí 763 ti bu iṣẹ́ àwọn tó sá eré náà jẹ.

Ìda ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ mọ àwòrán ọkọ̀ náà fún ẹ̀gbà ọrùn, kó má tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á fi iná yọ ìda dànù, wọ́n á wá da fàdákà yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Èyí kì í ṣe àjèjì l'Ékìtì. Àwọn asúde Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀, ní apá Èkìtì tó bọ́ sí Kwara, ti mọ ọgbọ́n ìda tipẹ́.

Nínú ìdá 1000 fàdákà ọ̀ṣọ́, 925 ni fàdákà gan-an. Bàbà ló sábà ń wà nínú ìyókù, kó lè le.

Àwọ̀ ló nira jù. Búlúù ni ọkọ̀ Malcolm Campbell, ẹni tó kọ́kọ́ wa mọ́tò kọjá 300 máìlì ní wákàtí kan, lọ́dún 1935. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe búlúù náà: wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á tò ó sójú fàdákà, wọ́n á tì í sínú iná tó tó 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ rí ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn, lẹ́yìn náà á tẹ́jú, á máa dán. Ìgbà yẹn gan-an ni kí wọ́n yọ ọ́, torí pé fàdákà ọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 800. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀, kó tètè sọ fún alágbẹ̀dẹ rẹ̀ l'Adó kí wọ́n tó jó ohunkóhun pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó lè tú nínú iná náà.

Ẹ̀yìn ni ọjọ́ àti nọ́ńbà ń wà, níbi tó fara kan àyà. Kí wọ́n fín in jinlẹ̀ láti orí ìda, nítorí òfì máa ń ha á.