Kí ni toque nínú capoeira, báwo la sì ṣe ń dá a mọ̀?

Nínú agbo capoeira, eré ìjà tó jọ ijó, ní Salvador, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, berimbau ló ń darí àwọn méjì tó ń ṣeré láàárín. Ìlù tó bá ń lù lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní toque. Bí toque bá yí padà, àwọn eléré náà gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ̀ padà.

Igi tí wọ́n fi wáyà kan ṣoṣo fà bí ọrun ni berimbau, akèrègbè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Onílù ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lu wáyà, ó sì di òkúta tàbí owó onírin mú. Bí òkúta kò bá kan wáyà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń dún: dọ̀ọ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ohùn òkè ni: dín. Bó bá kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, wáyà á gbọ̀n lára òkúta: ṣì.

Àwa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti mọ́ lára láti kékeré, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó rọ̀ wá lọ́rùn. Ṣì méjì ló ń ṣáájú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí o dẹtí sí. Angola: ṣì-ṣì dọ̀ọ̀ dín. São Bento Pequeno: ṣì-ṣì dín dọ̀ọ̀. São Bento Grande: ṣì-ṣì dín dọ̀ọ̀ dọ̀ọ̀. (Mestre Bimba, tó dá ilé ẹ̀kọ́ capoeira tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1932, ní ìlù mìíràn tó ń jẹ́ São Bento Grande, ìyẹn yàtọ̀.) Má fi bí ìlù ṣe yá tó dá a mọ̀. Angola lè yá, Angola náà ni.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé berimbau mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú agbo. Gunga, tí ohùn rẹ̀ wúwo jù, lè máa lu Angola, kí médio máa lu São Bento Pequeno lé e lórí, kí viola máa dárà káàkiri. Pandeiro (ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo), atabaque (ìlù gígùn) àti agogo náà ń dún. Agogo gan-an ni wọ́n ń pè é, orúkọ tiwa. Gunga ni kí o kà sí ìyá ìlù. Òun ni kí o tẹ̀ lé.

Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Cavalaria, tó ń dún bí pátákò ẹṣin tó ń sáré. Òfin Bràsíl ti 1890 sọ capoeira di ẹ̀ṣẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀, Cavalaria ni onílù máa ń lù, kí agbo lè tú ká.